Ẹ Ṣí Lẹ́tà Báǹkì

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń múra àtira ilé ní Maryland, mo rí yín bí ẹ ṣe ń lọ wo ilé ní Bowie àti Mitchellville lópin ọ̀sẹ̀, inú mi sì ń dùn. Ẹ ra ilé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni bí báǹkì ṣe ń gba ilé lọ́wọ́ èèyàn, torí ẹni tó ń ta ilé fún yín kò ní sọ ìyẹn.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ní 2008, Prince George's County, níbi tí Bowie àti Mitchellville wà, làwọn èèyàn ń tọ́ka sí pé aláwọ̀ dúdú ti rí jájẹ jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Síbẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni báǹkì ti gba ilé jù lọ ní Maryland. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń gbé ibẹ̀ o. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, olùkọ́ ni wọ́n, òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n. Ẹ̀yáwó tí wọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ló lẹ́jọ́ nínú: ọdún 2 àkọ́kọ́, èlé rẹ̀ á kéré, ọdún 28 tó kù, èlé á máa gòkè. Ìjọba àpapọ̀ fẹ̀sùn kan àwọn ayánilówó méjì, Countrywide àti Wells Fargo, pé wọ́n ń gbówó lé aláwọ̀ dúdú àti àwọn Látínò ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ẹjọ́ náà lè parí, Countrywide gbà ní 2011 láti san mílíọ̀nù 335 dọ́là, Wells Fargo sì gbà ní 2012 láti san mílíọ̀nù 175. Nígbà yẹn, ilé ọ̀pọ̀ èèyàn ti lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe yára pe ẹni tí wọ́n gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ ní onínàákúnàá. Àwọn kan wà láàárín wa ṣá, tí wọ́n fi ilé tí wọn ò tíì san tán yá owó kejì kí wọ́n lè fi ṣòkú ńlá nílé. Ó ń dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń gba ilé rí, báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣẹ́rífù á dé lọ́sàn-án gangan, àwọn alágbàṣe á tẹ̀ lé e. Wọ́n á pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Wọ́n á wá máa kó ẹrù jáde sí etí títì: bẹ́ẹ̀dì, àpótí gèlè, odó, fọ́tò ìgbéyàwó, ìwé ọmọ. Ní àdúgbò olówó, níbi tí kóríko ti tẹ́ dọ́gba tí kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sókè, gbogbo ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ kọjá ló máa dẹ ẹsẹ̀ kó lè wò ó.

Láyé àtijọ́, Yorùbá náà mọ gbígba gbèsè ní gbangba. Samuel Johnson kọ nípa àwọn ológò nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ológò á lọ jókòó sílé ajigbèsè, á máa pariwo, á máa pa ewúrẹ́ àti adìẹ ibẹ̀ jẹ títí owó á fi jáde. Ìwà ìkà ni, n kò yìn ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní ni ẹbí ti máa ń mọ̀, wọ́n á sì máa wá owó. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà ni báǹkì ń kọ, kò sí ariwo kankan. Ọkọ á kó o sínú búùtù mọ́tò kí ìyàwó má baà rí i. Lọ́jọ́ Sunday, a ń dúpẹ́ ìṣílé nínú ìjọ. N kò tíì rí ẹni tó dìde pé báǹkì fẹ́ gba ilé òun. Ìgbà tí ariwo á fi ta, owó ẹbí kò ràn án mọ́.

Àkókò wà láàárín ìgbà tí owó kọ́kọ́ wọ́n àti ìgbà tí ṣẹ́rífù á dé, ẹ̀yin ọmọ mi, ìyẹn ló ń ká mi lára jù. Láti 2014, òfin ìjọba àpapọ̀ kì í sábà jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ gbígba ilé tí gbèsè kò bá tíì ju ọjọ́ 120 lọ. Láti 2010, Maryland fún onílé tó ń gbé inú ilé rẹ̀ láyè láti bẹ̀bẹ̀ pé kí alárinà jókòó sáàárín òun àti báǹkì. Àwọn olùdámọ̀ràn tí HUD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀ràn ilé, fọwọ́ sí wà, tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ilé fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó ṣáájú, tàbí kí ẹ fọwọ́ sí ìwé ilé yín fún òun kí òun lè bá yín dáàbò bò ó, olè ni, ẹ sá fún un. Oṣù tí owó bá kọ́kọ́ wọ́n ni kí ẹ pe báǹkì. Ẹ má dúró de oṣù kejì.

A máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín. Òun ni ọ̀pọ̀ wa gbójú lé tí a fi ń pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀sín wo ló ju kí aládùúgbò máa wo àpótí aṣọ ìyá yín létí títì? Ẹ sọ fún ọkọ, ẹ sọ fún ìyàwó, ẹ sọ fún àwọn tí ẹ jọ ń dá èsúsú. Bí ẹ kò bá rí ẹni tí ẹ lè sọ fún, ẹ mú lẹ́tà náà wá bá mi bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àní bí ẹ kò bá tíì ṣí i. Bó bá di alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, mo wà nílé. A óò jọ ṣí i, a óò jọ kà á, a óò sì jọ pe báǹkì láàárọ̀ ọjọ́ kejì.