Ẹ ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ló dé tí kò dúró lórí?

Tí ìdánwò bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan ní yunifásítì tàbí ní pólì, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́: "Mo ti ka handout yìí lẹ́ẹ̀mẹ́rin o, orí mi ò kàn gbé e ni." Ẹlòmíì á lọ wá ìsọ̀yè. Ẹlòmíì á ra kọfí, á ki ẹsẹ̀ bọ inú báàfù omi tútù kí oorun má bàa gbé e lọ, á sì ṣe TDB, ìyẹn ni pé á kàwé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tí èsì bá wá jáde tí carry-over jókòó síbẹ̀, ohun tó máa sọ fún ara rẹ̀ ni pé òun kì í ṣe olórí pípé. Àwọn kan ti torí ọ̀rọ̀ yẹn fi ilé ìwé sílẹ̀.

Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìsọ̀yè o. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ wò ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí nǹkan kan tó ṣe orí yẹn. Inú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kàwé ni ìṣòro wà, àwọn onímọ̀ sì ti ń dán ọ̀rọ̀ yìí wò láti ohun tó lé ní 100 ọdún.

Ká tó lọ jìnnà, ìdánwò kékeré kan. Ẹ má yọ owó kankan jáde lápò o. Lórí owó ₦1,000, ènìyàn mélòó ni àwòrán wọn wà níbẹ̀, kí sì ni orúkọ wọn? Ẹ kọ ìdáhùn yín sí ibì kan. A máa padà síbẹ̀.

Bí ìgbàgbé ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọkùnrin ará Jámánì kan wà tó ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus. Ara rẹ̀ ló fi ṣe àyẹ̀wò. Ó to àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ jọ, ó há wọn sórí títí ó fi lè kà wọ́n láìṣì, ó dúró díẹ̀, ó tún padà há wọn sórí, ó wá ṣírò iye àsìkò tó jèrè lẹ́ẹ̀kejì yẹn. Tí nǹkan bá ṣì wà lórí, ó yẹ kí ẹ̀ẹ̀kejì yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní 1885 ló tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú, èrè rẹ̀ jẹ́ bí ìdá 58 nínú 100. Lẹ́yìn wákàtí kan, 44. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, 34. Lẹ́yìn oṣù kan, 21.

Ẹ wo bó ṣe rí: wákàtí àkọ́kọ́ ló ń kó púpọ̀ lọ, lẹ́yìn náà ló ń rọra. Lóòótọ́, sílébù tí kò nítumọ̀ kọ́ là ń kọ́ ní yunifásítì (bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn handout kan wà…), ohun tó bá yéni sì máa ń pẹ́ lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jaap Murre àti Joeri Dros tún àyẹ̀wò náà ṣe ní Amsterdam, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2015, bí ti Ebbinghaus ṣe rí náà ni tiwọn rí. Nítorí náà, ẹni tó ti gbàgbé lẹ́kíṣọ̀ Monday kó tó di Tuesday kì í ṣe olódo. Bí ọpọlọ ṣe ń ṣe ni ọpọlọ rẹ̀ ń ṣe.

Ojú mọ̀ ọ́n, orí ò mọ̀ ọ́n

Ó dáa, owó wa dà? Ènìyàn méjì ló wà lórí ₦1,000: Aliyu Mai-Bornu àti Clement Isong. Àwọn méjèèjì ló ti jẹ gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà rí. Tí ẹ bá gbà á, mo kí yín. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò ní gbà á, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àìmọye ìgbà la ti ná owó yẹn. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá gbé ₦1,000 tó ní orí Awólọ́wọ̀ lé wa lọ́wọ́, kíá la máa pariwo pé ayédèrú ni. Ká rí nǹkan ká dá a mọ̀, iṣẹ́ kan nìyẹn. Ká fa nǹkan yọ látinú orí nígbà tí kò sí níwájú wa, iṣẹ́ míì ni.

Àkàtúnkà ò kọ́ wa ju iṣẹ́ àkọ́kọ́ lọ. Tó bá fi máa di ìgbà kẹrin, ojú ti mọ gbogbo ìlà, ó ń yọ̀ lọ geere, ọkàn á wá sọ pé "mo ti mọ eléyìí jàre." Kíkun gbogbo ojú ìwé pẹ̀lú highlighter, ọ̀kan náà ni. Inú hall ìdánwò wá nìyí, iṣẹ́ kejì ni wọ́n ń béèrè.

Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ti Washington University ní St. Louis, Amẹ́ríkà, dán èyí wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n fún wọn ní àyọkà kúkúrú. Ìpele mẹ́rin ni ẹgbẹ́ kan fi ń kà á. Ẹgbẹ́ míì kà á ní ìpele kan ṣoṣo, wọ́n wá gba ìwé lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó kàn ń kà á ló borí: 83 nínú 100, àwọn kejì gba 71. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwo yí padà. Àwọn tó kàn ń kà á gba 40, àwọn tó ń fà á yọ lórí gba 61.

Ibi tó ká mi lára jù ni pé, nígbà tí wọ́n ní kí kálukú sọ bí òun ṣe máa rántí tó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó kàn ń kà á lọ́kàn wọn balẹ̀ jù. Nítorí náà, tí ẹ bá ń pa ìwé dé tí ẹ ń làágùn láti rántí, tó ń ṣe yín bí i pé ẹ ò mọ nǹkan kan, ẹ má tíì sá. Làálàá yẹn gan-an ló ń mú kó dúró.

Àwọn tó bá ti lọ ilé kéwú rí á ní kí ló tún wá jẹ́ tuntun níbẹ̀. Wọ́n á kọ ẹsẹ̀ sórí wàláà, ọmọ á kà á títí, á wá kà á lórí fún alífáà. Tí alífáà bá ti gbà pé ó mọ̀ ọ́n, wọ́n á fi omi fọ wàláà náà mọ́, wọ́n á kọ òmíràn sí i. Orí nìkan ló kù láti lọ wò. Ọmọ awo tó ń kọ́ Ifá náà ńkọ́? Ọ̀gá á kì í, òun náà á kì í padà fún ọ̀gá. Àwa tá a ní handout la gbà pé wíwo ìwé ni ìwé kíkà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é

Lọ́jọ́ tí lẹ́kíṣọ̀ bá wáyé gan-an, ẹ pa gbogbo ìwé dé, ẹ mú tákàdá funfun kan, ẹ kọ ohun gbogbo tí ẹ bá rántí. Ó máa kéré, ó sì lè dójú tì yín. Ẹ jẹ́ kó kéré bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá kọ ọ́ tán ni kí ẹ tó ṣí ìwé, kí ẹ fi bírò pupa kọ ohun tó bọ́ lọ́wọ́ yín. Past question náà, ẹ má kà á pẹ̀lú ìdáhùn bí ẹni ń ka ìwé ìtàn. Ẹ bo ìdáhùn mọ́lẹ̀ ná.

Ẹ sì jẹ́ kí ìbéèrè tí ẹ ń bi ara yín jẹ́ "kí ló dé." Ká ní ẹ ń kọ́ nípa ọkàn. Pé ọkàn ní yàrá mẹ́rin, ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì mọ̀ ọ́n. Ẹ bi ara yín pé kí ló dé tí ògiri yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì fi nípọn ju ti apá ọ̀tún lọ. Ẹni tó bá lè dáhùn pé ẹ̀dọ̀fóró tó wà nítòsí ni apá ọ̀tún ń ti ẹ̀jẹ̀ sí, nígbà tí apá òsì ní láti tì í dé àtàrí àti àtẹ́lẹsẹ̀, onítọ̀hún ò nílò àti há a sórí mọ́. Ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ mi mọ: ohun tí kò bá yéni, kò sí bá a ṣe fẹ́ fà á yọ. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá olùkọ́, tàbí ọ̀rẹ́ yín tí gbogbo kíláàsì ń pè ní ẹ̀fíkò, kó yé yín ná.

Omi ewédú

Ẹni tó gbin ewédú tó wá da omi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i lọ́jọ́ kan ṣoṣo, omi yẹn náà ni, ṣùgbọ́n ewédú á kú. Bí TDB ṣe rí nìyẹn. Wákàtí mẹ́fà lóru ọjọ́ kan ò tó wákàtí kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye kan náà ni.

Àlàfo mélòó ló yẹ? Nicholas Cepeda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára àwọn tó lé ní 1,000 ènìyàn, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2008. Bí ìdánwò bá ṣe jìnnà tó ni àlàfo ṣe yẹ kó fẹ̀ tó. Tí ìdánwò bá wà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ kan láàárín kíkà àkọ́kọ́ àti àtúnyẹ̀wò ló dáa jù. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 70, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má wọ̀n ọ́n bí ẹni ń wọn gààrí ṣá o, kó ṣáà ti ní àlàfo.

Sebastian Leitner ti fún wa ní bá a ṣe lè tò ó láti 1972. Ẹ gé páálí wẹ́wẹ́, ẹ kọ ìbéèrè sójú kan, ìdáhùn sẹ́yìn, ẹ wá páálí mẹ́ta tí ẹ máa kó wọn sí. Ẹ ń yẹ ti àkọ́kọ́ wò lójoojúmọ́, ìkejì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìkẹta lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Èyí tí ẹ bá gbà á bọ́ síwájú, èyí tí ẹ bá kùnà á padà sí àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ fóònù lẹ fẹ́, AnkiDroid ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ lórí Android, ọ̀fẹ́ ni. Mo fẹ́ràn ti páálí fún àwọn tó ń ṣe POS tàbí tó ń jókòó ti ìyá wọn ní ṣọ́ọ̀bù: kò gba iná, kò gba dátà, ẹ lè dáhùn ìbéèrè kan láàárín oníbàárà méjì. Irú àwọn bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ wákàtí kan péré ni wọ́n ní lálẹ́, ni mo tìtorí wọn kọ èyí jù.

Àwọn oníṣirò, ẹ tún fi eléyìí kún un: ẹ má ṣe 20 ìbéèrè lórí fọ́múlà kan ṣoṣo kí ẹ tó bọ́ sí òmíràn. Ẹ pò wọ́n pọ̀. Doug Rohrer àti Kelli Taylor dán an wò ní 2007. Nígbà ìgbáradì, àwọn tó tò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 89 nínú 100, àwọn tó pò ó gba 60. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó tò ó já sí 20, àwọn tó pò ó gba 63. Kò sí ìwé ìdánwò tó máa sọ fún yín pé fọ́múlà báyìí ni kí ẹ lò.

Oorun wá ńkọ́? John Jenkins àti Karl Dallenbach ti ń wo èyí láti 1924 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ méjì péré: ohun tí wọ́n há sórí kí wọ́n tó sùn pẹ́ lórí wọn fíìfíì ju èyí tí wọ́n há tí wọ́n sì wà lójúfò lọ. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e sì fi hàn pé ọpọlọ ń bá ẹ̀kọ́ lọ lójú oorun. Ẹ gbé báàfù omi tútù yẹn kúrò nílẹ̀.

Lọ́la, kí ẹ tó ṣí ojú ìwé yìí padà, ẹ mú tákàdá: kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, kí ló sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan? Kí ló dé tí ògiri apá òsì ọkàn fi nípọn? Àwọn wo ló wà lórí ₦1,000?