Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Kí A Tó Yọ Òfin Kúrò

Ẹ ka àyọkà yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣọ́ ibi tí a ti lo "kí ... tó" àti "yọ ... kúrò".

Àyọkà

Ká ní Ìyá Ìbejì ń gbé ní Barriera di Milano, ní ìlú Turin ní ilẹ̀ Ítálì. Ó rán Kẹ́hìndé lọ ra ẹ̀fọ́ ní ọjà Piazza Foroni. Kò dúró kí ọmọ dé kó tó máa dín ata. Bí iṣẹ́ async ṣe rí nínú kóòdù nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹ̀fọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbọ́: "Mọ́mì, ẹ̀fọ́ ti tán." Bí kò bá sẹ́ni tó gbọ́, àwọn tó ń retí oúnjẹ á jókòó títí.

Express jẹ́ irinṣẹ́ JavaScript tí a fi ń dá àwọn tó wá sí ìkànnì lóhùn. Bí iṣẹ́ async bá kùnà nínú Express 4, Express kì í gbọ́. Ẹni tó ń retí èsì á máa retí. Láti Node.js 15, tó jáde ní 2020, odidi ètò náà tilẹ̀ lè kú. Ìdí nìyí tí a fi lè fi òfin sínú irinṣẹ́ bíi ESLint, tó ń ka kóòdù láìjẹ́ pé kóòdù náà ṣiṣẹ́: gbogbo iṣẹ́ async gbọ́dọ̀ ní try àti catch.

Express 5 jáde ní 2024. Bí iṣẹ́ async tí a gbé lé e lọ́wọ́ bá kùnà, òun fúnra rẹ̀ ń gbọ́. Ìdí òfin yẹn ti lọ. Ẹ lè yọ ọ́ kúrò. Àmọ́ bí Kẹ́hìndé bá tún rán Táyé, tí kò sì dúró dè é, Mọ́mì ò ní mọ̀ bí Táyé bá kùnà. Bákan náà, iṣẹ́ tí a rán láìkọ await, tí a kò sì dá padà, Express 5 ò ní gbọ́ àṣìṣe rẹ̀. Òfin tó ń ṣọ́ ìyẹn, ẹ má yọ ọ́.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹ béèrè ìdí òfin kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Gírámà

Àbọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe máa ń wà láàárín: "yọ òfin kúrò", "yọ ọ́ kúrò". Olùwà ló máa ń wà láàárín "kí" àti "tó": "kí ẹ tó lọ".

Ìdánrawò

1. Kí ló dé tí òfin àkọ́kọ́ kò fi pọn dandan mọ́?
2. Àṣìṣe wo ni Express 5 kì í gbọ́?
3. Ẹ fi "kí ... tó" àti "yọ ... kúrò" kọ gbólóhùn méjì nípa òfin kan nílé yín.