OHÙN ÌSÀLẸ̀: TA NI ÒGBÓǸTARÌGÌ ONÍ-BÉÈSÌ?

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń lùlù tí wọ́n sì ń ta gìtá: ta ni a lè pè ní ògbóǹtarìgì oní-béèsì? Ṣé ẹni tí ìka rẹ̀ ń sáré bí ìjì ni, àbí ẹni tí ó ń jẹ́ kí orin dùn? Èrò tèmi ni pé ìmọ̀ ọwọ́ àti ìsìn fún orin kì í ṣe ọ̀tá ara wọn, ṣùgbọ́n ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa gbọ́ràn sí èkejì lẹ́nu.

Iṣẹ́ tí béèsì ń ṣe

Gìtá béèsì kò tíì pẹ́ púpọ̀ láyé. Ní 1951 ni Leo Fender gbé èyí tí ó pè ní Precision Bass jáde ní Kalifóníà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Okùn mẹ́rin ni ó ní: E, A, D àti G. Okùn E, tí ó nípọn jù, ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Okùn A ń gbọ̀n ní ìgbà 55. Bí etí ti ń gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni àyà pẹ̀lú ń mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ rẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ó ń fi ìpìlẹ̀ orin han akọrin, kí ó lè mọ ibi tí ohùn rẹ̀ yóò dúró lé. Èkejì, òun àti ìlù ni wọ́n jọ ń mú àkókò dúró. Ẹ̀kẹta, ó ń fún orin ní ìwúwo. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹsẹ̀ oníjó yóò kọ́kọ́ mọ̀.

Ohùn ìsàlẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Nínú àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá, ẹni tí ó kú ní 1983, àgídìgbo ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí: àpótí onígi tí a to irin pẹlẹbẹ sí lójú. Àwọn Berom tí wọ́n ni ilẹ̀ Du tí a wà yìí náà ní kundung, igi títò tí wọ́n so ìwo màlúù mọ́ nísàlẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè rinlẹ̀. Ẹ tún wo gúdúgúdú nínú ọ̀wọ́ ìlù dùndún. Kì í sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù. Ohun kan náà ni ó ń tẹnu mọ́, síbẹ̀ bí ó bá dákẹ́, gbogbo ìlù yóò di jákujàku.

Àpẹẹrẹ láti ilé àti òkèèrè

Ẹ gbọ́ orin Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Zombie, tí ó jáde ní 1976, gùn ju ìṣẹ́jú 12 lọ. Gbólóhùn kúkúrú ni béèsì ń tún pè níbẹ̀ lemọ́lemọ́, gìtá pẹ̀lú ń tún tirẹ̀ pè, orí ìpìlẹ̀ yìí sì ni fèrè àti ọ̀rọ̀ Fẹlá dúró lé. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò ní iṣẹ́ ọmọdé ni. Kí onítọ̀hún gbé béèsì, kí ó ta gbólóhùn kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú 12 láìyára, láìfà, láìṣe àṣejù. Ìgbà náà ni yóò mọ̀ pé sùúrù náà jẹ́ ìmọ̀ ọwọ́.

Bákan náà ni jùjú Sunny Adé. Nínú àwo Juju Music tí ó jáde ní 1982, gìtá pọ̀, ìlù pọ̀, ṣùgbọ́n olúkúlùkù mú díẹ̀ tirẹ̀ dání, wọn kò sì fẹsẹ̀ tẹ ara wọn. Igi kan kì í dágbó ṣe.

Ní Amẹ́ríkà, James Jamerson ni ó ta béèsì sínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin ilé-iṣẹ́ Motown ní ìlú Detroit. Ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni ó fi ń ta okùn. Ohun tí ó ń ta kò rọrùn rárá, síbẹ̀ kò bo akọrin mọ́lẹ̀ rí. Ẹ wá wo Jaco Pastorius, ẹni tí ìka rẹ̀ yára débi tí béèsì di olórí ohun èlò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1976 ó gbé àwo tirẹ̀ jáde, ó fi iṣẹ́ ọwọ́ hàn. Ní ọdún kan náà ó ta béèsì fún Joni Mitchell nínú àwo Hejira, ó ń dáhùn ọ̀rọ̀ olórin bí ẹni tí ń bá a tàkúrọ̀sọ. Ẹni tí ó ní ọ̀pọ̀ ìmọ̀ ni ó lè yan èyí tí orin fẹ́. Ẹni tí ìka rẹ̀ kò mọ nǹkan kò lè sọ pé ìrẹ̀lẹ̀ ni ó mú òun ta díẹ̀.

Ewu tí ó wà nínú orin Yorùbá

Ohùn ni ó ń pa ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ dà nínú èdè wa. Ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀. Ìyáàlù ń lo ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Bí onílù bá ń ki ẹnìkan ní oríkì, tí oní-béèsì ń sáré sókè sódò ní ìsàlẹ̀ kan náà, ohùn méjèèjì yóò dàrú mọ́ra. Oríkì náà yóò di ariwo lásán. Ẹni tí à ń kì kò ní gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀. Àdánù gidi nìyẹn, pàápàá fún àwa tí a jìnnà sílé.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà. Ní àyíká Jos yìí, oní-béèsì tó ń bá wa ṣeré lè máà gbọ́ Yorùbá rárá. Ẹ má ṣe bínú sí i. Ẹ túmọ̀ orin fún un kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ibi tí ìlù yóò ti sọ̀rọ̀ hàn án.

Ìlànà fún akẹ́kọ̀ọ́ béèsì

1. Gbọ́ ọ̀rọ̀ orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí o tó fọwọ́ kan okùn.
2. Wá ìpìlẹ̀ orin, ta òun nìkan títí tí kò fi ní yẹ̀ mọ́.
3. Di ohùn pa nígbà tí ó bá yẹ. Ìdákẹ́jẹ́ wà lára orin.
4. Bí ìyáàlù bá ń sọ̀rọ̀, rẹ ara rẹ sílẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, àyè tìrẹ nìyẹn.
5. Máa fi ọwọ́ kọ́ ohun tó le lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àgbálọgbábọ̀

Ògbóǹtarìgì oní-béèsì ni ẹni tí ó ní ju ohun tí ó ń ná lọ. Ṣùgbọ́n ìsìn kò gbọdọ̀ di ẹrú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Jamerson fi ń ta béèsì láìsí orúkọ rẹ̀ lára àwo. Àwo Marvin Gaye, What's Going On, ní 1971, ni Motown ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn onílù àti onígìtá rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìwé ètò Ọjọ́ Àṣà wa, kí a máa kọ orúkọ oní-béèsì àti onígúdúgúdú sí ẹ̀gbẹ́ ti akọrin. Ẹni tí ó gbé wa ró, ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

(a) Kí ni ìjọra tí ó wà láàárín iṣẹ́ gúdúgúdú àti ti béèsì?
(b) Ṣé òótọ́ ni pé ohun tó rọrùn láti gbọ́ rọrùn láti ta? Fi orin kan gbe èsì rẹ lẹ́sẹ̀.
(d) Báwo ni ẹ ó ṣe ṣàlàyé oríkì fún oní-béèsì tí kò gbọ́ Yorùbá?