Ọ̀bẹ Kì í Gbẹ́ Èkù Ara Rẹ̀

Bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ apòògùn tí ẹ ń ṣe íńtánṣíìpù ni mo ń pòwe fún. Ẹ̀yin tí ẹ gba yàrá kan ní Bàrígà tàbí Ṣómólú l'Ékòó, tí ẹ ti ń dúró de bọ́ọ̀sì BRT ní Onípánù kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ẹ ká kóòtù funfun sínú báàgì kó má baà dọ̀tí.

Ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ fi kàwé. Ọdún kan íńtánṣíìpù tún tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ìdánwò PCN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ apòògùn, iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Owó oṣù kékeré yẹn ńkọ́? Àwọn ará ilé ti pín in kó tó wọlé.

Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé irú àárẹ̀ tí iṣẹ́ àṣejù bẹ́ẹ̀ lè dá síni lára. Wọ́n ní kì í ṣe àìsàn, wàhálà ibi iṣẹ́ tó pẹ́ tí a ò bójú tó ló ń bí i. Okun á tán, iṣẹ́ á sú ni, èèyàn á sì máa rò pé òun ò mọ nǹkan ṣe mọ́. Ẹ má pe ẹni tó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ.

Ẹ wo ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba oògùn lọ́sàn-án gangan. Ìyá àgbà kan na káàdì síwájú, ẹni tó wà lẹ́yìn ń pariwo, "Dókítà, ó mà ti pẹ́ o!" Chlorpromazine wà lórí pẹpẹ, oògùn àrùn ọpọlọ ni. Chlorpropamide náà wà, ti àtọ̀gbẹ nìyẹn. Ojú tí oorun ń kùn lè gbé ọ̀kan fún èkejì. Bí ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ bá gbé chlorpropamide mì, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tó máa dákú. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé fàájì ni ìsinmi apòògùn. Ara iṣẹ́ ni.

Ẹ jẹun kí ẹ tó dúró sójú fèrèsé. Bí ojú bá ń ṣú yín, ẹ ní kí ẹlòmíì bá yín tún oògùn náà wò kó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́: ẹ sọ fún ọ̀gá kí ẹ tó ṣubú.

Ẹ má fi oògùn wá oorun, ẹ má sì fi lé e lọ. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí wọ́n ń kó o sí, ewu ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń fún gbogbo ayé lóògùn, ẹlòmíì ni kó tọ́jú òun náà. Yábàá ò jìnnà sí Onípánù. Láti 1907 ni ilé ìwòsàn ọpọlọ ti wà níbẹ̀, síbẹ̀ àwọn kan ṣì rò pé ẹni tó ti wọ ọjà nìkan ló ń dé ibẹ̀. Irọ́ ni. Ẹni tí kò rí oorun sùn, tó ń sunkún láìnídìí, lè lọ rí dókítà kó sì padà sílé lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin òbí, ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ fi owó oṣù rẹ̀ jẹun. Ẹ̀yin ọ̀gá, "àwa náà jìyà yìí" kì í ṣe àwíjàre. Bí ẹ bá ń ṣe rọ́sítà oṣù tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹni tó ṣiṣẹ́ alẹ́ sí ti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.