Oríkèé Tí Ń Dún Nígbà Oyún

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ lóyún, àti ẹ̀yin agbẹ̀bí wa,

Ọ̀pọ̀ aboyún ni orúnkún tàbí ìbàdí rẹ̀ máa ń dún bí ó bá dìde lórí àpótí, tàbí bí ó bá yí ara padà lórí ibùsùn. Àwọn kan a rò pé eegun àwọn ń sán. Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ó ń dún, kí a má bẹ̀rù lásán, kí a má sì fojú fo ohun tí ó léwu.

Kí ni ó ń dún?

Oríkèé ni ibi tí eegun méjì ti pàdé. Omi díẹ̀ tí ó ń yọ̀ wà láàrin wọn, kí wọn má baà ha ara wọn. Afẹ́fẹ́ wà nínú omi yìí, bí ó ti wà nínú mínírà. Bí a bá fa oríkèé, ààyè inú rẹ̀ a fẹ̀ lójijì, afẹ́fẹ́ a di ihò kékeré nínú omi náà, a ó sì gbọ́ ìró. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ní Kánádà fi ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara rí ihò yìí. Nígbà mìíràn, iṣan tí ó yọ̀ kọjá lórí eegun ni ó ń dún.

Ṣé ó ń ba oríkèé jẹ́?

Dókítà Donald Unger ní Amẹ́ríkà fi 50 ọdún mú ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ dún lójoojúmọ́, ó sì fi ti ọ̀tún sílẹ̀. Ní 1998 ó kọ̀wé pé kò sí àrùn oríkèé ní ọwọ́ méjèèjì. Ẹnì kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ìró tí kò ní ìrora nínú kì í ṣe àrùn.

Kí ló dé tí ó fi ń pọ̀ nígbà oyún?

Nígbà oyún, iṣan tí ó de eegun mọ́ eegun máa ń rọ̀, kí ìbàdí lè gba ọmọ kọjá. Ara ìyá sì ń wúwo sí i. Lẹ́yìn ìbímọ, iṣan náà a máa le padà díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí ẹ ó ṣe

1. Ẹ pa orúnkún méjèèjì pọ̀ bí ẹ bá ń yí padà tàbí tí ẹ ń dìde lórí ibùsùn. Ẹ fi ìrọ̀rí sáàrin ẹsẹ̀ sùn.
2. Ẹ jókòó wọ aṣọ. Ẹ má ṣe ru ẹrù wúwo.
3. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára fa ọrùn tàbí ìbàdí yín kí ó lè dún.
4. Ẹ má ṣe ra oògùn ìrora fúnra yín, pàápàá ibuprofen.

Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn bí:

– ìrora bá wà ní eegun iwájú, lókè abẹ́, tí rírìn ń ṣòro;
– oríkèé bá wú, tí ó gbóná;
– ẹsẹ̀ kan bá wú, tí ó ń dunni. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ra á: ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú rẹ̀, kí ó sì ṣí lọ sí ẹ̀dọ̀fóró;
– ojú tàbí ọwọ́ bá wú, pẹ̀lú orí fífọ́ tàbí ojú tí ń ṣú. Èyí lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, tí í máa fa gìrì.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ bi ìyá léèrè nípa ìrora ìbàdí kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé. Ẹni tí ó bá ní in, ẹ má ṣe fi agbára ya ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bímọ.

Ẹ rántí: ìró nìkan kò léwu. Ìrora àti wíwú ni kí ẹ máa ṣọ́.