Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ Inú Àpò Ẹ̀wù

Ìyá wa, ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 11, gbé ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ kan bọ̀ láti oko kòkó lọ́jọ́ tí wọ́n gé ọ̀pẹ kan lulẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Àrẹ̀mú. Inú àpò ẹ̀wù ló ń gbé e sí, búrẹ́dì àti mílíìkì agolo ló sì fi ń bọ́ ọ láti oṣù méjì. Ní báyìí, Àrẹ̀mú ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nílẹ̀, ó sì bu ọmọ mi jẹ níka lánàá. Bàbá wọn ní ká sè é jẹ. Ọmọ ń sunkún, ó tún fẹ́ mú ọmọ eku kan nínú àká wá kí Àrẹ̀mú lè ní ẹnìkejì. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Ìbejì, Oǹdó

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìka ló ṣáájú. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibi tó bu jẹ náà dáadáa, kí ẹ sì mú ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kí wọ́n wò ó bóyá ó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Ní ti ẹsẹ̀ Àrẹ̀mú, ó jọ pé oúnjẹ ló fà á. Ọ̀kẹ́rẹ́ oko ń jẹ ẹyìn, kòkó, èso igi, ewé àti kòkòrò. Bó bá rí egungun tàbí ìkarahun nílẹ̀, á fi eyín họ ọ́ nítorí kálísíọ̀mù tó wà nínú rẹ̀. Oòrùn sì ń ta sí i lára lójoojúmọ́. Àrẹ̀mú kò rí ìkankan nínú ìwọ̀nyí, egungun rẹ̀ sì rọ̀. Ẹ dá mílíìkì àti búrẹ́dì dúró. Ẹ fún un ní ilá tútù, ìbẹ́pẹ àti ẹyin sísè díẹ̀. Ẹ lọ èèpo ẹyin tí ẹ ti sè kúnná, kí ẹ máa wọ́n ọn sórí oúnjẹ náà. Ẹ fún un ní èkùrọ́ tí a kò tíì pa, nítorí eyín iwájú rẹ̀ kì í yé hù títí ọjọ́ ikú, ohun líle ló sì ń bá a gé e kù. Kó máa yá oòrùn láàárọ̀, kí ibòji sì wà níbi tó lè sá sí. Bí dókítà ẹran bá wà nítòsí, ẹ gbé e lọ.

Ẹ bá mi bẹ bàbá wọn. Èmi náà jẹ ẹran ọ̀kẹ́rẹ́ dàgbà. Àmọ́ ẹran tí ọmọ ti sọ lórúkọ kò ṣeé sè níṣojú ọmọ náà.

Ẹ sọ fún ọmọ yín pé kì í ṣe àìmoore ni Àrẹ̀mú fi bù ú jẹ. Nígbà tó wà ní kékeré, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ló lè sùn sí. Ó ti ń gbó báyìí, ara rẹ̀ sì ń sọ fún un pé ohun tó bá ti òkè na ọwọ́ sí òun, àwòdì ni.

Ó lè bi yín pé ṣebí àwọn kan ń sin òkété. Òótọ́ ni. Àjọ APOPO ń kọ́ òkété ní Morogoro, ní Tanzania, láti máa gbóòórùn àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, rí 71 ní Cambodia, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ góòlù lọ́dún 2020. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ènìyàn ni wọ́n bí Magawa sí. Ọ̀yà tí àwọn ará wa ń sìn nínú àgò náà ńkọ́? Bákan náà ni. Òkè ọ̀pẹ ni wọ́n bí Àrẹ̀mú sí.

Ọmọ eku inú àká yẹn, rárá o! Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Oǹdó kò ṣàjèjì sí ibà Lassa. Ẹ mọ iye ènìyàn tí wọ́n ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn ní Ọ̀wọ̀ nítorí rẹ̀. Ọdún 1969 ni wọ́n dá àrùn náà mọ̀ ní Lassa, ní ìpínlẹ̀ Borno. Eku kan tó ń bá wa gbé inú ilé àti inú àká ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e kiri, bẹ́ẹ̀ ni eku náà kò ní ṣàìsàn lójú yín, ara rẹ̀ á máa dán ni. Ọmọ tó gbé irú rẹ̀ sápò, tó tún fi ọwọ́ yẹn bu gàárì, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ẹ bo gàárì àti èlùbọ́ yín pa.

Kí gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kan Àrẹ̀mú náà máa fọṣẹ. Lọ́dún 2003, wọ́n kó òkété, ọ̀kẹ́rẹ́ àti àwọn mìíràn láti Gánà lọ tà ní Amẹ́ríkà fún àwọn tó ń sin ẹran nínú ilé. Àrùn mpox bá wọn débẹ̀, ó ran àwọn ẹranko mìíràn tí wọ́n ń tà, ó sì mú ènìyàn 47 ní ìpínlẹ̀ 6. Kò sẹ́ni tó kú, àmọ́ ìjọba wọn fòfin de kíkó irú ẹranko bẹ́ẹ̀ wọlé láti Áfíríkà.

Bí ẹsẹ̀ bá ti le, tó ń gun igi tó sì ń pa èkùrọ́ fúnra rẹ̀, ẹ dá a padà sóko. Ẹ má kàn jù ú sílẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí ikún kan ní kékeré mi. Kò sá fún ẹnikẹ́ni, ajá aládùúgbò sì pa á kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ fi í sínú àgò, kí ẹ gbé àgò náà sórí igi lóko, kí ẹ máa gbé oúnjẹ lọ bá a níbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kó lè mọ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i, kí oúnjẹ ṣì máa wà níbẹ̀ títí kò fi ní padà wá jẹ ẹ́ mọ́. Bí ẹsẹ̀ kò bá san, kò gbọdọ̀ lọ. Ẹ kan àgò ńlá fún un, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ títí ọjọ́ tó bá kù fún un á fi pé.

Bí Àrẹ̀mú bá máa lọ, ọmọ yín ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn àgò náà. Bó bá sì sunkún lọ́jọ́ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé ọkùnrin kì í sunkún.