Ohun Èlò Ìdáná: Èwo Ni Ká Kọ́kọ́ Rà?

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀tẹ̀ yìí dá lórí ohun èlò ìdáná: èyí tí ó yẹ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáná fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ rà, àti orúkọ tí Yorùbá ń pè é.

Àṣìṣe wa ni ó bí ẹ̀kọ́ yìí. Púpọ̀ nínú àwa tí a wà ní Gwagwalada níhìn-ín ni kò dàgbà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní ìsinmi kan, ìyá àgbà ọ̀kan nínú wa ní kí ó bá òun mú ìjábẹ̀ wá. Ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi ń gbá àgbàlá ni ó gbé fún màmá! Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ewédú tí o ń jẹ láti kékeré, kí ni o rò pé a fi ń já a?" Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, nítorí pé òtítọ́ ni. A mọ oúnjẹ jẹ, a kò mọ ohun tí a fi ń sè é.

Kí a tó náwó, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè pé, kí ni à ń jẹ? Àwọn àgbà ní, iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ. Ohun èlò kálukú wọn yàtọ̀. A ti rí ẹni tí ó fi owó gọbọi ra ìkòkò dúdú tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́. Ọkà ni ó kọ́kọ́ rò nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ara ìkòkò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Márùn-ún tí a fi síwájú nìyí:

1. Ọ̀bẹ. Ẹyọ kan tí ó mú sàn ju márùn-ún tí kò mú lọ. Agbára ni a fi ń tẹ ọ̀bẹ tí kò mú. Bí ó bá yọ̀, ọwọ́ ẹni ni ó ń bá. Bí a bá fi gé ẹran tútù, kí a fọ òun àti pákó rẹ̀ kí a tó gé ẹ̀fọ́.

2. Ìkòkò méjì, ńlá fún ọkà, kékeré fún ọbẹ̀. Kí ìdí wọn nípọn kí oúnjẹ má baà tètè jóná. Kí etí wọn lágbára. Kí ọmọrí wọn dé dáadáa, nítorí èyí ń dín gáàsì kù. Ìsaasùn ni Yorùbá ń pe ìkòkò amọ̀ tí a fi ń se ọbẹ̀. Kí a má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú ìkòkò amọ̀ o! Ní Kwali tí kò jìnnà sí wa ni Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi, ti kọ́ iṣẹ́ ìkòkò mímọ. Ní 1954 ó dara pọ̀ mọ́ ilé ìkọ́ṣẹ́ amọ̀ tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ní ìlú tí à ń pè ní Suleja lónìí. Òun ni ó wà lẹ́yìn owó ogún náírà.

3. Orógùn. Ní ọjà Gwagwalada, muciya ni àwọn Hausa ń pè é, orúkọ yẹn ni púpọ̀ nínú wa sì kọ́kọ́ mọ̀. Kí ó jẹ́ igi kan ṣoṣo, láìní oríkèé, láìkùn ní ọ̀dà. Bí a bá fọ̀ ọ́ tán, kí a nà án ró síbi tí afẹ́fẹ́ wà kí ó má baà hu. Ẹ ṣọ́ra fún àmì ohùn: orógùn ni a fi ń ro ọkà, orogún ni ìyàwó mìíràn tí ọkọ ẹni fẹ́!

4. Ìjábẹ̀. Ìgbálẹ̀ kékeré tí a dì pinpin ni. Bí ewédú bá ti rọ̀ lórí iná, a ó máa fi gún un títí yóò fi yọ̀. Ẹ̀rọ ìlọta lè ṣe é, ṣùgbọ́n bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ ńkọ́? Ìjábẹ̀ kò bèèrè iná.

5. Asẹ́. Òun ni a fi ń jọ èlùbọ́, kí kòkòrò àti ìdọ̀tí lè jáde.

Odó (turmi) àti ọmọ odó (taɓarya) dára, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun àkọ́rà fún ẹni tí ó ń gbé yàrá kan lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kí yàrá mẹ́ta tàbí mẹ́rin dáwó jọ ra ẹyọ kan, kí wọ́n sì máa gún iyán nísàlẹ̀.

Kò sí ohun tí ó burú nínú kí a mọ muciya. Ohun tí ó burú ni kí a mọ̀ ọ́n, kí orógùn sì ṣàjèjì sí wa. Bí a bá ń ra ohun èlò, kí a ra orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn.

Iṣẹ́ ṣíṣe:
(i) Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín orógùn àti ìgbakọ?
(ii) Bi àgbàlagbà kan léèrè ohun tí a ń fi ajere ṣe.
(iii) Kọ orúkọ ohun mẹ́wàá tí ó wà níbi ìdáná rẹ ní Yorùbá, kí o sì fi àmì ohùn sí i.

Ó dìgbà kan ná. Iná ìdáná wa kò ní kú o.